Gìtá Tó Ń Pe Oòrùn: Àṣírí Inú Fíìmù ‘Orfeu Negro’

Ẹni tó bá wo fíìmù ‘Orfeu Negro’ nítorí ijó àti ìlù nìkan, ewé ló rí, kò tíì kan mọ́ínmọ́ín. Ní 1959 ni Marcel Camus, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé e jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Palme d'Or ní Cannes lọ́dún náà. Ìlú Rio de Janeiro ní Brazil ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, lásìkò ọdún Carnival.

Orfeu, adúláwọ̀, ń wa tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Mira àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń retí òrùka, ṣùgbọ́n gìtá tó fi dógò ló ń jẹ Orfeu lọ́kàn. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ò ní bá a wí: ta ní í fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó? Àwọn ọmọdé àdúgbò tiẹ̀ gbà pé gìtá yẹn ló ń mú oòrùn yọ láràárọ̀.

Ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ejò bu Eurydice, ìyàwó Orpheus olórin, jẹ, ó kú. Orpheus wá a dé ìlú òkú. Wọ́n dá a padà fún un, wọ́n ní kó má wẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn, ó pàdánù rẹ̀.

Nínú fíìmù, wáyà iná ló rọ́pò ejò. Eurydice ń sá fún ọkùnrin kan tó múra bí Ikú, ó rọ̀ mọ́ wáyà níbi tí wọ́n ń gbé tíráàmù sí. Orfeu fẹ́ ríran, ló bá tan iná. Áà! Ọwọ́ olólùfẹ́ ló pa olólùfẹ́.

Ìlú òkú wá ńkọ́? Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wá ẹni tó sọnù ni: ìwé kún bámúbámú, èèyàn ò sí nínú ìwé. Láti ibẹ̀ ni Orfeu ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe Macumba, ẹ̀sìn tí àwọn òrìṣà tiwa, bí Ògún àti Yemọja, bá àwọn ẹrú dé. Ó gbọ́ ohùn Eurydice lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kó má wẹ̀yìn. Àwa náà mọ̀ pé ẹni tó lọ gbé ẹbọ kì í wẹ̀yìn. Orfeu yíjú padà: arúgbó obìnrin kan ló rí.

Ẹ fetí sí orin inú rẹ̀ náà. Sámbà jẹ́ ti èrò. Ìlù rẹ̀ kì í dákẹ́ nítorí òkú ẹnì kan. Gìtá jẹ́ ti ọkàn ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ‘Manhã de Carnaval’ tí Luiz Bonfá ṣe fi rọra ń lọ, tí ‘A Felicidade’ ti Jobim àti Vinicius de Moraes sì ń kìlọ̀ pé ayọ̀ kì í pẹ́.

Nígbẹ̀yìn, Mira fi owú sọ òkò lu Orfeu, ó já sí ọ̀gbun, ó kú. Ṣùgbọ́n Zeca, ọmọdé kan, gbé gìtá, ó ta á, oòrùn sì yọ. Bíná kú, a feérú bojú. Bọ́gẹ̀dẹ̀ kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tó mọṣẹ́ tí kò fi kọ́ ọmọ kankan, ta ni yóò bá a pe oòrùn lọ́la?