Ojú Ajá, Ojú Ológbò: Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bù

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń sin ajá àti ológbò ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà

Ajá ń ṣọ́ ilé, ó ń bá ọdẹ wọ igbó. Ológbò ń lé eku nínú àká. Bí ojú ọ̀kan nínú wọn bá wá pọ́n, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé apọ́lò ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ó lè lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá ń di ojú pa, tí kò lè là á, tàbí tí dúdú ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má sì da ohunkóhun sí i yàtọ̀ sí omi tó mọ́.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kan ojú

Ìtọ̀, omi ewúro, àdí, kẹrosíìnì, omi ṣúgà: kò sí èyí tí a kò tíì gbọ́, kò sì sí èyí tó ń wo ojú sàn nínú wọn. Ọ̀tapíápíá tí àwọn kan fi ń pa eégbọn lára ajá ló burú jù. Ó ń jó ojú, ajá á tún lá a kúrò lára, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oògùn ojú tí a rà fún ènìyàn ní kẹ́mísì náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Kíá ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú kí ojú tó pọ́n mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀gún tàbí èékánná ológbò ló ha ojú náà, oògùn yìí kò ní jẹ́ kí egbò jinná. Á máa jin sí i títí ẹyinjú yóò fi lu. Kí dókítà ẹran tó lò ó, yóò kọ́kọ́ kán omi aláwọ̀ ọsàn kan sí ojú náà. Ibi tí egbò bá wà yóò yọ ní àwọ̀ ewé. Àyẹ̀wò náà kì í pẹ́ rárá, kò sì dun ẹran.

Nígbà míì, ẹran pupa roboto kan máa ń yọ ní igun ojú ọmọ ajá, lẹ́bàá imú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé e. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi tó ń rin ojú ti ń wá. Bí wọ́n bá gé e dànù, ojú lè máa gbẹ títí ayé ajá náà. Dókítà lè rán an padà sí àyè rẹ̀.

Bí sèbé bá tutọ́ sí ajá lójú

Àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń ro oko kòkó mọ ejò yìí. Sèbé á gbé orí sókè, á fẹ ọrùn, á sì tu oró sí ojú ohun tó bá ń dà á láàmú, láti nǹkan bíi mítà méjì. Ajá á dédé ké, á máa fi ẹsẹ̀ iwájú pa ojú, á máa fi orí gbo ilẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ìpéǹpéjú á fi wú.

Ẹ má tíì ronú ilé. Nínú oko níbẹ̀, ẹ fi eyín já igun píọ̀ wọ́tà, kí ẹnì kan di ajá mú, kí ẹlòmíì fi àtàǹpàkò la ìpéǹpéjú, kí ó máa fún omi náà sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ìhà imú lọ sí ìhà etí. Ọ̀rá kan kò tó. Ẹ ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, kódà bó bá ti la ojú, nítorí oró náà lè ti bó awọ tín-ín-rín tó wà lójú ẹyinjú.

Omi yìí kan náà ni fún ata, sìmẹ́ńtì, àti oògùn tí à ń fọ́n sí koríko. Ajá tó ń tẹ̀ lé ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́n-oògùn kọ́rùn kò mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ so ó mọ́lé lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ̀gún bá gún ẹyinjú, ẹ má fà á yọ. Bí ọ̀kadà bá kọ lu ajá, tí ẹyinjú yọ síta, ẹ má tì í padà. Ẹ rẹ aṣọ tó mọ́ sínú omi, ẹ fi bò ó, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì máa lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nígbà tí àrùn kò sí nínú ojú

Èyí ló ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ajá tó ń wọ igbó etí odò lè kó kòkòrò kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti ara eṣinṣin tsetse. Ohun tí onílé á kọ́kọ́ rí ni pé ojú ti ṣú, bíi gíláàsì tí èémí bò. Ajá náà á máa gbóná, á máa rù. Oògùn ojú kò lè ràn án. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni dókítà yóò gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó gún un lábẹ́rẹ́. Ojú náà sì lè mọ́ padà bí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀.

Eégbọn náà ń kó irú àìsàn ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ran ajá. Ẹ rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Bó bá yí sí àwọ̀ òféèfèé, tó ń pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ, àìsàn náà ti wọlé.

Ọmọ ajá tí ipin àti ọyún di lójú, tí ọ̀fìnkìn ń dà nímú rẹ̀, tó ń húkọ́, tí gìrì wá mú níkẹyìn, àrùn tí wọ́n ń pè ní distemper ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Kò sí oògùn tó ń pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n á sì tún un gún.

Ojú ọmọ ológbò máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Bí ó bá wú kó tó là, ọyún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ya á. Ní ti oúnjẹ, ológbò tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ ju ẹ̀bà àti àmàlà lè fọ́ lójú. Ní 1975, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìsí taurine nínú oúnjẹ ń ba ẹ̀yìn ojú ológbò jẹ́, inú ẹran àti ẹja ni taurine sì wà. Ẹ fi ẹja díẹ̀ kún un lójoojúmọ́. Eku tó ń pa náà kò burú.

Ìkìlọ̀ kan: bí ìwà ajá bá dédé yí padà, tó ranjú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn láti wo ojú rẹ̀. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹni tí ajá náà bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ènìyàn lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ẹ lè béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ní Móníyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Akáńrán. Ilé ìwòsàn ẹran ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá, ilé ìwòsàn ẹran mìíràn sì wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó ń bọ̀ láti Móníyà yóò kan Yunifásítì kó tó dé Mọ́kọ́lá. Ẹ fi aṣọ di ajá lẹ́nu bó bá ń jẹ̀rora, ẹ gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí. Ẹ mú káàdì àjẹsára dání, àti páálí oògùn yòówù tí ẹ bá ti lò, kódà bí ojú bá ń tì yín.