Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Béèrè Ẹbí Bàbá

Ẹ̀rọ tí dókítà fi bu ẹran lára kókó ọyàn náà dún bí ìgbà tí pàkúté bá ré. Obìnrin tó dùbúlẹ̀ ta gìrì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ ìparora. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ariwo lásán ni." Ẹran tó jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun, wọ́n sì jù ú sínú ìgò fọmalíìnì lójú ẹsẹ̀.

Mo tẹ̀lé ìgò náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, láàárín àwọn tó gbé fláàsìkì oúnjẹ dání. Ní láàbù, wọ́n ń fi ìda bo irú ẹran bẹ́ẹ̀ títí yóò fi le, ẹ̀rọ yóò sì rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Dókítà tó wà nídìí maikirosíkóòpù ní kí n wá wo ti ẹlòmíì tó ti ṣe tán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà gun ara wọn lórí, kò sí ètò kankan. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá lára wọn: ohun tí ẹ̀sítírójìn ń so mọ́, èyí tí projẹ́sítírọ́ọ̀nù ń so mọ́, àti HER2. Èyí tó bá wà níbẹ̀ á pọ́n bí àwọ̀ igi. Tí kò bá sí ìkankan, oògùn bíi tamoxifen àti trastuzumab kò lè ran aláìsàn náà lọ́wọ́, irú èyí sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa.

Ṣùgbọ́n tí ẹran bá ti pẹ́ kó tó wọ fọmalíìnì, àwọ̀ náà lè má yọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń ju ẹran sínú fọmalíìnì lójú ẹsẹ̀, olùwádìí lòun náà.

Ìwádìí tí gbogbo ayé mọ Ìbàdàn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé dókítà ní Ìbàdàn kó tó di èèkàn ní Chicago, àti àwọn dókítà UCH bíi Tèmídayọ̀ Ògúndìran wà nínú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn àti 997 tí kò ní in. Èsì jáde ní 2018: nínú àwọn tó ń ṣàìsàn, 167, ìyẹn 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ló gbé jíìnì àjogúnbá tó bàjẹ́; láàárín àwọn yòókù, kò pé 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn jíìnì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní BRCA1 ló pọ̀ jù.

Yàrá kékeré kan ni mo parí sí. Nọ́ọ̀sì ń ya igi ìdílé ìyá kan tó ní àìsàn yìí: roboto fún obìnrin, onígun mẹ́rin fún ọkùnrin.

"Mọ̀mí, ta ló tún ní irú èyí nínú ẹbí?"

"Irú ẹ̀ ò sí nílé wa o."

"Níhà ọ̀dọ̀ bàbá yín ńkọ́?"

Ìyá náà tún ìró ró. "Àbúrò bàbá mi obìnrin kan ṣáà kú. Ọyàn rẹ̀ ló jẹrà. Wọ́n ní ayé ló ṣe é."

Nọ́ọ̀sì kun roboto kan. Ó ṣàlàyé pé bàbá tí ara rẹ̀ le koko lè gbé BRCA1 tó bàjẹ́ fún ọmọ, àti pé ọmọ kọ̀ọ̀kan, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ìlàjì-ìlàjì ni àǹfààní pé ó gbà á. Ìyá náà ò tíì gbọ́ ọ tán tó fi fà á lápá: "Ẹ má jẹ́ kí èyí jáde o. Mo ní ọmọbìnrin méjì tí wọn ò tíì lọ́kọ."

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn àgbà máa ń ṣe ìwádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, àìsàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń wádìí. Ìdí nìyí tí ikú àbúrò bàbá fi máa ń di ọ̀rọ̀ ayé. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ka ohun tí ẹbí bá fi pa mọ́ báyìí.

"A ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mà," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún àwọn ọmọ yín. Tí wọ́n bá mọ̀ nísinsìnyí, wọ́n á lè tètè máa yẹ ọyàn wò."

"Àyẹ̀wò yẹn, èló ni?"