Orúkọ rẹ lórí ilé Ìbàdàn lè sọ owó orí rẹ di £18,000 ní England: Ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó ra ilé àkọ́kọ́

Inú òbí Yorùbá máa ń dùn láti fi orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé. Ilé tí wọ́n fi owó iṣẹ́ alẹ́ ní Peckham kọ́ sí Ìbàdàn, Ìkòròdú tàbí Òṣogbo, wọ́n á fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí sí London ní ìpín nínú rẹ̀. Ohun rere ni. Àmọ́ fún ọ̀dọ́ tó ń múra láti ra ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní England, ìfọwọ́sí kan ṣoṣo lórí ìwé náà lè gbé owó ọdún mélòó kan lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, èyí tí a kọ́kọ́ rà ṣe pàtàkì bí iye tí a rà á.

Ta ni òfin ń pè ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ilé?

Ní England àti Northern Ireland, owó orí tí wọ́n ń san lórí ilé rírà ni Stamp Duty. Ìjọba dín in kù fún ẹni tí kò ní ilé rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òfin náà kò wo ilé Britain nìkan. Ẹni tó bá ti ní ilé gbígbé rí níbikíbi lágbàáyé, ìbáà jẹ́ rírà, ìbáà jẹ́ ẹ̀bùn, ìbáà jẹ́ ogún, ti kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń ṣàánú fún.

Wo ilé tí iye rẹ̀ jẹ́ £280,000, lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025:

- Ẹni tí kò ní ilé rí kò ní san kọ́bọ̀, nítorí pé £300,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí fún un.
- Ẹni tó ti ní ilé rí ṣùgbọ́n tí kò ní in mọ́, tàbí tí ìpín rẹ̀ nínú ilé mìíràn kò tó £40,000, máa san £4,000.
- Ẹni tí ìpín rẹ̀ nínú ilé mìíràn tó £40,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san £18,000, torí pé wọ́n á fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iye ilé náà kún un.

Tí ẹni méjì bá fẹ́ jọ ra ilé, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní ilé rí kí wọ́n tó jẹ àǹfààní náà. Ilẹ̀ lásán, tí kò sí ilé lórí rẹ̀, kì í ṣe ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé lórí rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí o tó sọ pé o ò ní nǹkan kan. Scotland àti Wales ní òfin owó orí tiwọn.

Lifetime ISA náà ń wo ilé òkèèrè

Ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 39 lè ṣí àpò ìfowópamọ́ yìí. Tí o bá fi £4,000 sí i lọ́dún, ìjọba á fi £1,000 kún un. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, £16,000 rẹ ti di £20,000, láìka èlé. Àpò náà gbọ́dọ̀ pé ọdún kan kí o tó fi ra ilé, ilé náà kò gbọdọ̀ ju £450,000 lọ, o sì gbọ́dọ̀ fi mortgage rà á.

Níbí náà, ilé tí o ní ní òkèèrè lè tì ọ́ síta. Tí o bá yọ owó náà láìtẹ̀lé òfin, kí o tó pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n á gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú £20,000 yẹn, £15,000 ló máa kù. Kì í ṣe ẹ̀bùn ìjọba nìkan ló lọ, £1,000 ti inú owó tìrẹ náà bá a lọ.

Owó àsansílẹ̀ àti èésú

Ọ̀pọ̀ báǹkì ń fẹ́ kí o kọ́kọ́ mú ó kéré tán ìdá márùn-ún tàbí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé wá. Fún ilé £280,000, ìyẹn jẹ́ £14,000 tàbí £28,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo owó oṣù rẹ. Bí ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ owó ọdún kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń yá èèyàn, nítorí náà ẹni tó ń gba £35,000 lè retí nǹkan bíi £157,500. Ìdí nìyẹn tí tọkọtaya tàbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi máa ń pawọ́ pọ̀.

Èésú táwọn ìyá wa ń dá ṣì wúlò, àmọ́ báǹkì á béèrè ibi tí owó ti wá. Tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí o dá àti ọjọ́ tí o kó o. Tí òbí bá fún ọ lówó, wọ́n á ní kí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè.

Tí owó kò bá tíì tó ra ilé ńkọ́?

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. O lè ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní REIT, tó ní ilé ìtajà, ilé ìkẹ́rùsí tàbí ilé gbígbé. Òfin Britain ní kí wọ́n pín ó kéré tán ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èrè owó ilé wọn fún àwọn onípìn-ín. Iye ìpín lè lọ sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n níní in kò sọ ọ́ di onílé lójú òfin.

Lẹ́yìn tí o bá ti ra ilé, o lè fi yàrá kan tó ní ibùsùn àti àga háyà fún ẹlòmíì nínú ilé tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé. £7,500 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Sọ fún báǹkì tó yá ọ lówó kí o tó gba ayálégbé.

Tí ó bá jẹ́ ilẹ̀ nílé lo fẹ́ rà

Láti ìgbà tí Land Use Act ti dé ní 1978, gómìnà ló ń mójú tó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, rìsíìtì nìkan kò tó. Kí o tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó:

- Ní kí sọ̀féyọ̀ tìrẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.
- Kí lọ́yà tìrẹ, tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, wo ìwé rẹ̀ ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀.
- Tí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tí olórí ẹbí kò bá mọ̀ sí, òfo ni nílé ẹjọ́.
- C of O tó wà lórúkọ ẹni tó tà á kò tíì sọ ọ́ di tìrẹ. Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ rẹ.

Òfin Èkó ti ọdún 2016 sọ fífi ipá gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ ìwé tó pé ló máa ń jà fún èèyàn. Ẹni tó bá ń gba owó ilé nílé, tó sì ń gbé Britain, gbọ́dọ̀ sọ fún HMRC.

Báwo lo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn òbí?

Má fọwọ́ sí ìwé kankan nítorí ìtìjú, má sì parọ́ fún lọ́yà ní London pé o ò nílé rí. Ìbéèrè yẹn máa wà nínú ìwé tí wọ́n á ní kí o fọwọ́ sí. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o sọ pé: "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ra ti ibí ná, kí ẹ tó fi orúkọ mi sí ti ilé." Wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún wọn ní báyìí, kí ìpín rẹ má baà sọnù.

Tí wọ́n bá ti fi orúkọ rẹ sí i tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, iye ìpín rẹ àti ẹ̀dà ìwé náà, kí o sì gbé e fún lọ́yà kí o tó fi kọ́bọ̀ kan sí Lifetime ISA.