Ṣé o mọ̀? Irin híhun tó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé híhun ni wọ́n ń hun irú sítẹ́ǹtì kan, ìyẹn ọ̀pá oníhò kékeré tí dókítà ń fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí? Ẹni tó ń hun agbọ̀n nílẹ̀ Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, yóò tètè lóye rẹ̀. Àwọn okùn irin tín-ín-rín ń gba òkè àti abẹ́ ara wọn kọjá, wọn kì í sì í jó wọn pọ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé, kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí a bá fà á, á gùn, á sì tẹ́ẹ́rẹ́, kó lè gba inú rọ́bà tóóró wọ iṣan. Bí a bá tú u sílẹ̀, á fẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì kúrú. Kíkúrú yẹn ló gba ìṣọ́ra jù: bí dókítà kò bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, apá kan ibi tó dí lè ṣẹ́ kù síta. Bí okùn ṣe nípọn tó àti bí wọ́n ṣe dábùú ara wọn ló ń pinnu agbára tó fi ń ti ògiri iṣan.

Ní 1986 ni dókítà Jacques Puel fi irú sítẹ́ǹtì híhun yìí kan, Wallstent, sínú iṣan ọkàn ènìyàn ní Toulouse, ní Faransé. Òun ni sítẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tó wọ iṣan ọkàn ènìyàn.