Kóòtù ti dájọ́, owó ò wọlé: ọ̀nà wo ni ìyá ọmọ lè gbà ní Alímọ̀ṣọ́?

Àwọn tó máa ń ka ìròyìn kóòtù ìbílẹ̀ Ìgàndò ní Alímọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí adájọ́ Adéníyì Kọ́ledoyè ti tú ìgbéyàwó púpọ̀ ká, mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀sùn àgbèrè àti ìlùkulù ló máa ń gba àkọlé. Owó tí bàbá yóò máa san lóṣooṣù fún ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìsàlẹ̀ ìròyìn ló máa ń wà, bó bá tiẹ̀ wà. Ibi tí wàhálà ìyá ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Oṣù àkọ́kọ́, owó wọlé. Oṣù kejì, ọjà ò tà. Tó bá yá, fóònù ò lọ mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, bí gbèsè owó ọmọ bá kọjá dọ́là 2,500, ìjọba lè má fún bàbá ní ìwé ìrìnnà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i lè ní kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yọ owó náà kí owó oṣù tó dé ọwọ́ onígbèsè. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa tó ń ka oṣù tó ti kọjá. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa padà lọ sọ fún kóòtù pé wọn ò tẹ̀ lé àṣẹ.

Kóòtù wo? Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni ti Ìgàndò. Ti rẹ́jísìrì tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó níwèé àṣẹ ìjọba, ilé ẹjọ́ gíga ni, lábẹ́ òfin ọdún 1970 tó ń darí ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwé ìgbéyàwó rẹ́jísìrì Ìkòyí lọ sí Ìgàndò, àsìkò rẹ̀ ló fi ń ṣòfò. Ẹni tí wọn ò gbé níyàwó rárá ńkọ́? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú bí agbára òbí bá ṣe mọ, ó sì lè torí rẹ̀ lọ sí kóòtù ẹbí. Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ yẹn. Bóyá wọ́n ṣe ìdána tàbí wọn ò ṣe é, kò kan ọmọ.

Ìwé ló ń gbèjà ẹni ní kóòtù. Ìwé àkáǹtì láti báńkì dáa ju ẹjọ́ ẹnu lọ: owó wọlé ní Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé ṣófo, Ẹrẹ́nà ṣófo. Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ gíga tàbí ti májísíréètì, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde látinú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, títí kan ọ̀rọ̀ WhatsApp, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè. Òfin yẹn ò de kóòtù ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ì bá gba ìyá nímọ̀ràn pé nígbà ìdájọ́ gan-an ni kó ti bẹ adájọ́ pé kí owó máa gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù, tàbí kí owó iléèwé máa lọ tààrà sí àkáǹtì iléèwé. Nípa bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ á máa wà láìsí pé ẹnikẹ́ni ń jiyàn.

Bí bàbá bá ní owó ní báńkì, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí báńkì san án fún ẹni tó jẹ ní gbèsè. Bó bá lówó tó kàn kọ̀ jálẹ̀, ó lè fi ẹ̀wọ̀n jura. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí owó rẹ̀ kì í dé báńkì ló ṣòro mú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Fún irú wọn, ìjókòó ìlàjà sábà máa ń sàn ju akódà lọ. Citizens' Mediation Centre tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 kì í gba kọ́bọ̀, Office of the Public Defender sì ń bá aláìní ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwáwí méjì ló wọ́pọ̀. "Kò jẹ́ kí n rí ọmọ mi": ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ebi ò sì ní dúró de ìdájọ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi": èyí lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kóòtù ni kó lọ sọ fún, kí wọ́n lè dín iye náà kù. Ẹni tó pa fóònù rẹ̀ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.