Bí Ọwọ́ Kò Bá Tó, Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Bàrúwà, OpenSSL ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń pa àṣírí mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yà rẹ̀ kan jáde pẹ̀lú àṣìṣe ńlá kan ní 2012; 2014 ni wọ́n tó kéde rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò kò pọ̀.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí: ibi tí owó àti àṣírí ń gbà kọjá ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, àti ibi tó ti bàjẹ́ rí. Ẹwà ojú ìwé lè dúró. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ lo irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi owó ìfipamọ́, èlé àti ẹ̀yáwó dán an wò, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ wé ìwé akápò.