Ipa Àlàyé Sáyẹ́ǹsì nínú Yíyí Èrò Padà lórí Àhesọ nípa Ojú Sánmà

Ìfáàrà
Nígbà tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ lójú sánmà tí kò yé ènìyàn, wọn a máa wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tú irú àhesọ bẹ́ẹ̀ palẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2001 àti 2006
Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, òjìji ayé bo òṣùpá. Ní Màídúgùrì, àwọn ọ̀dọ́ kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kan ló fà á. Wọ́n dáná sun ilé ìtura àti ilé ọtí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn: ọ̀sán dòru ní Kàtsínà, apá kan oòrùn sì farasin ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ti kéde ṣáájú pé ìṣẹ̀lẹ̀ àdáyébá ni, kí ti Bọ̀rnó má baà tún wáyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jáde láti wo ohun tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ń mú àlàyé wọlé
Kì í ṣe wíwí pé "irọ́ ni" ló ń yí èrò padà, bí kò ṣe àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣẹ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fà á, ta ni ìbá mọ wákàtí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú? Nínú kíláàsì, kí tọ́ọ̀ṣì dúró fún oòrùn, ọsàn fún ayé, èkùrọ́ fún òṣùpá. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tò gbọọrọ tí ayé wà láàrin, òṣùpá yóò ṣókùnkùn. Bí òṣùpá bá wà láàrin, oòrùn yóò farasin. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè ìdí tí kì í fi í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù. Ìdáhùn ni pé ipa ọ̀nà òṣùpá dagun ní nǹkan bíi dìgírì 5, nítorí náà òjìji sábà máa ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ kọjá.

Sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀sìn
Ní ìlú bí Ìlọrin, àlàyé yìí kò ní láti forí gbárí pẹ̀lú ẹ̀sìn. Hadíìsì fi yé ni pé oòrùn farasin ní ọjọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú. Ànábì fúnra rẹ̀ kọ èrò àwọn tó ní ikú náà ló fà á. Kírun ni ó pa láṣẹ. Àáfáà àti olùkọ́ lè jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àgbálọgbábọ̀
Àlàyé tó ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń gbeṣẹ́. Èyí tó dé lẹ́yìn tí ilé ti jó kò lè kọ́ ilé náà padà. Apá kan oòrùn yóò farasin ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2027. Kí olùkọ́ ti ṣàlàyé rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú lásán wo oòrùn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.